Iná Láti Ọ̀run: Ẹ̀kọ́ Tí Ó Wà Nínú Ogun Ọgbọ̀n Ọdún



Nínú Ìhìnrere Lúùkù, ní orí kẹsàn-án, a kà pé Olúwa wa ń lọ sí Jerúsálẹ́mù, àwọn ará ìletò Samáríà kan kò sì fẹ́ gbà á. Ọ̀rọ̀ náà bí Jákọ́bù àti Jòhánù nínú. Wọ́n bi Olúwa léèrè bí Ó bá fẹ́ kí àwọn pe iná sọ̀kalẹ̀ láti ọ̀run kí ó jó ìletò náà run. Ẹ ṣe àkíyèsí pé kì í ṣe kèfèrí ni ó bèèrè fún iná yìí. Àpọ́sítélì ni wọ́n. Wọ́n fẹ́ràn Olúwa, nítorí ọlá Rẹ̀ ni wọ́n sì ṣe ń bínú. Ṣùgbọ́n Olúwa yí padà, Ó bá wọn wí, wọ́n sì gba ìletò mìíràn lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fi sí ọkàn bí mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀ lórí ogun kan tí a jà ní ilẹ̀ Jámánì àti ní àyíká rẹ̀ láti ọdún 1618 títí di ọdún 1648, láàárín àwọn ọmọ Ìjọ Àgùdà àti àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì. Ogun Ọgbọ̀n Ọdún ni a ń pè é. Ìdí tí mo fi mú un wá sí ojú ewé yìí ni pé àwọn ọmọ wa ń kà nípa rẹ̀ nínú ìwé ìtàn, wọ́n sì ń bá a pàdé lórí ẹ̀rọ alágbèéká wọn. Ẹlòmíràn nínú wọn yóò kà á tán, yóò sì wí pé bí ó bá jẹ́ pé báyìí ni àwọn onígbàgbọ́ ṣe ń ṣe sí ara wọn, kí ni òun tún ń wá nínú ìjọ? Ẹlòmíràn yóò kà á kí ó lè rí òkò tí yóò sọ lu ìjọ kejì. Kò yẹ kí a fi ìbínú dá ọmọ tí ó béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lóhùn, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí a dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí a jọ wo ìtàn náà, kí a sì mọ bí ó ti yẹ kí ọmọ Ìjọ ka irú ìtàn bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1517 ni Martin Luther bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn tí ó pín àwọn Krìstẹ́nì ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù níyà. Lẹ́yìn ìjà púpọ̀, àwọn olórí ilẹ̀ Jámánì ṣe àdéhùn ní ìlú Augsburg ní ọdún 1555 pé ẹ̀sìn tí olórí ilẹ̀ kan bá ń ṣe ni àwọn ará ilẹ̀ rẹ̀ yóò máa ṣe. Ẹni tí kò bá fẹ́ lè kó ẹrù rẹ̀ kí ó jáde. Ìjọ Àgùdà àti ìjọ Luther nìkan ni àdéhùn náà dá mọ̀. Kò ka àwọn ọmọ-ẹ̀yìn Calvin kún, bẹ́ẹ̀ wọ́n sì ń pọ̀ sí i. Àlàáfíà ni wọ́n pe àdéhùn yìí, ṣùgbọ́n iná wà lábẹ́ eérú.

Ní ilẹ̀ Bòhẹ́míà, tí ó jẹ́ apá kan orílẹ̀-èdè Czech lónìí, Ọba-ńlá Rudolf Kejì fún àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ní ìwé àṣẹ ní ọdún 1609 pé kí wọ́n máa sin Ọlọ́run bí ọkàn wọn ti fẹ́. Nígbà tí ó yá, àwọn aláṣẹ ti ilé-ìsìn wọn kan pa, wọ́n sì wó òmíràn palẹ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù Karùn-ún ọdún 1618, àwọn ìjòyè Pùròtẹ́sítáǹtì fi ìbínú wọ ààfin Prague. Wọ́n gbé àwọn aṣojú ọba méjì tí wọ́n jẹ́ ọmọ Ìjọ Àgùdà, pẹ̀lú akọ̀wé wọn, wọ́n sì jù wọ́n láti ojú fèrèsé òkè sí ilẹ̀ìlẹ̀. Ibi tí wọ́n ti jù wọ́n ga tó ilé alájà púpọ̀. Síbẹ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò kú.

Níhìn-ín ni ẹ̀kọ́ èkínní wà. Àwọn ti wa wí pé Màríà Wúńdíá ni ó na aṣọ rẹ̀ gbà wọ́n. Àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì wí pé orí ààtàn ni wọ́n bọ́ sí. Ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n ó ti di ìtàn méjì, olúkúlùkù sì ń sọ èyí tí ó gbe tirẹ̀. Àwọn bàbá wa wí pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá ni àgbà òṣìkà. Ẹni tí ó bá fẹ́ ka ìtàn ogun ẹ̀sìn, kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè ẹnu ẹni tí ó ti gbọ́ èyí tí ó mọ̀, àti ohun tí ẹnì kejì ní í sọ.

Ìjà ilẹ̀ kan ni ó kọ́kọ́ jẹ́, ṣùgbọ́n ó ràn bí iná ọyẹ́. Àwọn ará Bòhẹ́míà kọ Ferdinand Kejì ní ọba, wọ́n sì fi Frederick, olórí ilẹ̀ Palatinate, tí ó jẹ́ ọmọ-ẹ̀yìn Calvin, jọba dípò rẹ̀. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá ọdún 1620, àwọn ọmọ-ogun Ferdinand ṣẹ́gun wọn ní Òkè Funfun lẹ́bàá Prague. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1621, a pa ènìyàn 27 nínú àwọn olórí ọ̀tẹ̀ náà ní gbangba ìlú. Ọ̀kan nínú wọn, Diviš Černín, ọmọ Ìjọ Àgùdà ni. Lẹ́yìn èyí, a fi ipá dá àwọn ará ilẹ̀ náà padà sí Ìjọ Àgùdà, ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó kọ̀ sì fi ilé àti oko sílẹ̀ lọ sí àjò tí wọn kò padà bọ̀. Ní ọdún 1629, Ferdinand pàṣẹ pé kí àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì dá gbogbo ilẹ̀ àti ohun-ìní Ìjọ tí wọ́n ti gbà láti ọdún 1552 padà. Lójú tirẹ̀, ẹ̀tọ́ Ìjọ ni ó ń gbà. Lójú àwọn tí bàbá àti bàbá-bàbá wọn ti gbé orí ilẹ̀ náà, ìfipágbà ni.

Ìlú Magdeburg, ìlú Pùròtẹ́sítáǹtì ní etí odò Elbe, kọ̀ láti tẹrí ba. Àwọn ọmọ-ogun Ọba-ńlá àti ti ẹgbẹ́ àwọn olórí Àgùdà, tí Ọ̀gágun Tilly ń darí, dó tì í. Ní ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún ọdún 1631, wọ́n wó odi wọlé. Wọ́n ń pa, wọ́n ń kó, wọ́n ń ba obìnrin jẹ́. Iná sì ṣẹ́. Títí di òní ni àwọn onímọ̀ ìtàn ń jiyàn lórí ẹni tí ó kọ́kọ́ dá a. Nígbà tí yóò fi kú, gbogbo ìlú ti di eérú, àfi kàtídírà àti àwọn ilé díẹ̀. Nínú ènìyàn bí 25,000 tí ó wà nínú ìlú náà, nǹkan bí 20,000 ni ó kú. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, àwọn aṣẹ́gun kọ Te Deum nínú kàtídírà náà, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ẹ̀yin ará, ẹ má ṣe yára ka gbólóhùn yẹn kọjá. Te Deum jẹ́ orin Ìjọ wa, orin mímọ́ tí àwa náà ń kọ ní ọjọ́ ọpẹ́. Àwọn tí ó kọ ọ́ ní Magdeburg ti ṣe ìrìbọmi bí a ti ṣe é, wọ́n ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, wọ́n ń gba Ara Olúwa. Iná tí Jákọ́bù àti Jòhánù bèèrè fún, tí Olúwa kọ̀ fún wọn, àwọn wọ̀nyí rí i, wọ́n sì rò pé ìdáhùn àdúrà ni. Èyí ni ó yẹ kí ó bà wá lẹ́rù ju ohun gbogbo lọ nínú ìtàn náà: ènìyàn lè dúró níwájú pẹpẹ, kí ó kọrin tí ó tọ́, kí ó sì jẹ́ pé ẹ̀mí mìíràn ni ó wà nínú rẹ̀.

Ṣé àwa nìkan ni a ṣẹ̀? Rárá o. Ní oṣù Kejì ọdún 1620, Jan Sarkander, àlùfáà ìjọ Holešov ní ilẹ̀ Moravia, gbé Sákrámẹ́ńtì Mímọ́ jáde lọ pàdé àwọn ọmọ-ogun Poland tí ó ń kó ilẹ̀ náà, wọ́n sì dá ìlú rẹ̀ sí. Nítorí èyí, àwọn aláṣẹ Pùròtẹ́sítáǹtì fi ẹ̀sùn kàn án pé òun ni ó pè wọ́n. Wọ́n mú un lọ sí Olomouc, wọ́n na ara rẹ̀ lórí ẹ̀rọ ìdálóró, wọ́n sì fi iná jó o, kí ó lè sọ ohun tí olórí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́wọ́ fún un. Kò sọ ọ́. Ó kú nínú túbú ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún náà. Bákan náà, nígbà tí àwọn ọmọ-ogun Swídìn, tí wọ́n jẹ́ Pùròtẹ́sítáǹtì, gba ilẹ̀ Jámánì kọjá, wọ́n a máa di àwọn ará oko mọ́lẹ̀, wọ́n a sì máa da omi ẹlẹ́gbin sí wọn lọ́fun, títí wọn yóò fi jẹ́wọ́ ibi tí wọ́n fi owó pamọ́ sí. Ẹni tí ó bá rántí Sarkander, tí ó sì gbàgbé Magdeburg, kò tíì ka ìtàn. Ẹni tí ó bá rántí Magdeburg, tí ó sì gbàgbé Sarkander, òun náà kò tíì kà á.

Ẹ̀kọ́ kejì ni pé orúkọ ẹ̀sìn ni ogun náà ń jẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀sìn nìkan kọ́ ni ó wà nínú rẹ̀. Olórí ilẹ̀ Saxony, ọmọ ìjọ Luther, bá Ferdinand ja àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì Bòhẹ́míà, ó sì gba ilẹ̀ Lusatia ní èrè. Ní ilẹ̀ Faransé, Richelieu, Kádínà Ìjọ Mímọ́ tí ó jẹ́ olórí ìjọba ọba ibẹ̀, ṣe àdéhùn ní oṣù Kínní ọdún 1631 láti máa fún Swídìn ní owó ogun lọ́dọọdún, kí agbára ìdílé Habsburg, tí wọ́n jẹ́ ọmọ Ìjọ Àgùdà bí tirẹ̀, lè dínkù. Ní ọdún 1635, Faransé fúnra rẹ̀ wọ ogun náà ní ìhà kan náà pẹ̀lú Swídìn. Ipò, ilẹ̀ àti owó ti gbé aṣọ ìgbàgbọ́ wọ̀.

Ẹ má ṣe tìtorí èyí wí pé ẹ̀sìn mọ́. Bí olè bá wọ aṣọ rẹ lọ jalè, tí o sì rí i, tí o ń yìn ín, ìwọ náà ti ní ìpín níbẹ̀. Láti orí àga ìwàásù ní ìhà méjèèjì ni a ti ń sọ fún àwọn ènìyàn pé ọ̀tá Ọlọ́run ni ẹni tí ó wà ní òdìkejì.

Ta ni ó sì jìyà? Ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ-ogun kan, Peter Hagendorf, wà títí di òní. Ó wà nínú ogun Tilly ní Magdeburg, a sì ta á ní ìbọn níbẹ̀. Ó kọ ọ́ pé ìyàwó òun fi ọmọ wọn tí ń ṣàìsàn sílẹ̀, ó wọ inú ìlú tí ń jó láti wá aṣọ tí wọn yóò fi di ọgbẹ́ òun, àti pé ó dun òun pé ìlú tí ó lẹ́wà bẹ́ẹ̀ jóná. Ní ọdún 1633, àwọn ọmọ-ogun Swídìn mú un, ó sì bá wọn jà. Ní ọdún kejì ó padà sí ìhà Ọba-ńlá. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ni ó sin sí ojú ọ̀nà. Lẹ́bàá ìlú Ulm ẹ̀wẹ̀, Hans Heberle wà, ọmọ ìjọ Luther tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ bàtà rírán. Ìgbà bí 30 ni òun àti àwọn ará abúlé rẹ̀ sá wọ inú odi Ulm nígbà tí ogun bá dé. Àwọn onímọ̀ ìtàn ṣírò rẹ̀ pé láàárín ẹgbẹ̀rún lọ́nà 4,500 ènìyàn sí ẹgbẹ̀rún lọ́nà 8,000 ni ó kú nínú ogun náà, àti pé ebi àti àjàkálẹ̀ àrùn ni ó pa èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn, kì í ṣe idà. Àwọn tí ó kú wọ̀nyí, díẹ̀ ni ó lè ṣàlàyé ohun tí àwọn ọlọ́gbọ́n ìjọ ń jiyàn lé lórí. Ẹni tí ó bá sọ òkò sí ọjà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà.

Síbẹ̀ Ọlọ́run kò fi ara Rẹ̀ sílẹ̀ láìní ẹlẹ́rìí. Ní ọdún 1631 kan náà tí Magdeburg jó, àlùfáà Jẹ́súìtì kan tí ń jẹ́ Friedrich Spee kọ ìwé Cautio Criminalis láti tako bí àwọn onídàájọ́ ti ń dá àwọn ènìyàn lóró kí wọ́n lè jẹ́wọ́ pé àjẹ́ ni wọ́n. Nígbà tí a jà ní ìlú Trier ní ọdún 1635, ó ń tọ́jú àwọn ọmọ-ogun tí ó gbọgbẹ́ àti àwọn tí ń ṣàìsàn. Àrùn wọn ràn án, ó sì kú ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ, ní ọmọ ọdún 44. Ìgbàgbọ́ kan náà ni Spee àti àwọn aṣẹ́gun Magdeburg jẹ́wọ́. Nígbà tí ọmọ rẹ bá béèrè pé irú èso wo ni ìgbàgbọ́ wa ń so, má ṣe fi Magdeburg pamọ́ fún un, ṣùgbọ́n má ṣe gbàgbé láti dárúkọ Spee.

Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹwàá ọdún 1648 ni a fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà Westphalia. Ní ìlú méjì ni a ti jíròrò rẹ̀, Münster àti Osnabrück; aṣojú Póòpù, Fabio Chigi, kò gbà láti bá àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì jókòó pọ̀. Wọ́n fẹnu kò pé kí ọ̀rọ̀ ilé-ìsìn àti ilẹ̀ Ìjọ padà sí bí ó ti wà ní ọdún 1624, kí a ka àwọn ọmọ-ẹ̀yìn Calvin kún, kí a má sì fi iye ìbò yanjú ọ̀ràn ẹ̀sìn nínú ìgbìmọ̀ ilẹ̀-ọba mọ́. Póòpù Innocent Kẹwàá fi ìwé tako àlàáfíà náà, nítorí ohun tí Ìjọ pàdánù nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àlàáfíà náà dúró. Ní Augsburg, wọ́n pín ipò ìlú dọ́gbadọ́gba láàárín ìjọ méjèèjì. Láti ọdún 1650 ni ìlú náà ti ń ṣe àjọ̀dún àlàáfíà. Ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ sì jẹ́ ọjọ́ ìsinmi níbẹ̀ títí di òní.

Kò sí ẹni tí ó yí ọkàn ẹnì kejì padà ní gbogbo ọgbọ̀n ọdún náà. Ohun tí wọ́n fọwọ́ sí nígbẹ̀yìn, wọn ìbá ti fọwọ́ sí i kí ìlú kan tó jó.

Ó pẹ́ kí Ìjọ tó sọ gbogbo èyí jáde ní ẹnu, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́. Ní ọdún 1964, Àpéjọ Vatican Kejì kọ́ wa pé ẹ̀bi ìyapa náà wà ní ìhà méjèèjì, àti pé a kò lè ka ẹ̀ṣẹ̀ ìyapa sí ọrùn àwọn tí a bí sínú ìjọ wọ̀nyẹn lónìí. Ní ọdún 1965, Àpéjọ náà kọ́ wa pé a kò gbọdọ̀ fi ipá mú ẹnikẹ́ni nínú ọ̀ràn ìgbàgbọ́. Ní ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún ọdún 1995, Póòpù John Paul Kejì lọ sí Olomouc láti ka Jan Sarkander mọ́ àwọn Ẹni-mímọ́. Inú àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì kan níbẹ̀ kò dùn sí i, nítorí ó rán wọn létí bí a ti fi ipá yí àwọn bàbá wọn padà. Kí ni Póòpù ṣe? Ní ọjọ́ tí a ń bu ọlá fún ajẹ́rìíkú wa, ó tọrọ àforíjì ní orúkọ gbogbo ọmọ Ìjọ Àgùdà fún ibi tí a ti ṣe sí àwọn tí kì í ṣe ti Ìjọ Àgùdà, ó sì ṣèlérí ìdáríjì fún ibi tí a ti ṣe sí wa. Kò mú orúkọ Sarkander kúrò, kò sì fi í ṣe òkò. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1999, ní Augsburg kan náà, Ìjọ wa àti Àpapọ̀ Ìjọ Luther Lágbàáyé fọwọ́ sí ìwé kan lórí ìdáláre, ọ̀rọ̀ tí ó wà ní ìdí ìyapa ti ayé Luther.

Ẹ̀yin ará mi, ìyapa yìí kò ti ilẹ̀ wa bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú àwọn baba ńlá wa ní ojú fèrèsé Prague. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ará wa tí ó ti Brazil dé mú ìgbàgbọ́ Àgùdà bọ̀ wá sí Èkó, àwọn òjíṣẹ́ CMS sì mú ti Ańgílíkánì wá. A gba Ìhìnrere, a sì gba ìjà pẹ̀lú rẹ̀. Nítorí náà ni ìyá ṣe ń kú, tí àwọn ọmọ rẹ̀ fi òkú sílẹ̀ tí wọ́n ń jà lórí ìjọ tí yóò sin ín. Nítorí náà ni bàbá ṣe ń kọ̀ láti wá sí ìgbéyàwó ọmọ tí ó bí. A kò gbé idà, ṣùgbọ́n a ń bèèrè fún iná.

Èmi kò wí pé gbogbo ìjọ jẹ́ ọ̀kan náà, tàbí pé kí ẹnikẹ́ni fi Mísà sílẹ̀ nítorí àlàáfíà. Sarkander kò ta ìgbàgbọ́ rẹ̀, Spee kò sì ta tirẹ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín ni pé ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹni tí ó bá ní ará ilé nínú ìjọ mìíràn, tí wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́ nítorí ẹ̀sìn, kí ó lọ kí i. Kí ó má mú àríyànjiyàn lọ. Kí ó jókòó, kí ó gbọ́ tẹnu rẹ̀. Bí ó bá sì mọ ibi tí òun tàbí àwọn ti òun ti ṣẹ̀ ẹ́, kí ó kọ́kọ́ tọrọ àforíjì kí ó tó bèèrè fún tirẹ̀. Kí ẹ̀yin òbí sì ka ìtàn ogun yìí pẹ̀lú àwọn ọmọ yín, ìhà méjèèjì rẹ̀.

Kí Olúwa, ẹni tí Ó gbàdúrà ní alẹ́ tí a fi Í hàn pé kí àwọn tirẹ̀ jẹ́ ọ̀kan, dárí ji àwọn tí ó pa ènìyàn ní orúkọ Rẹ̀. Kí Ó fi ìsinmi àìnípẹ̀kun fún gbogbo àwọn tí ó kú nínú ogun náà, ti ìhín àti ti ọ̀hún. Kí Ó sì mú wa gba ọ̀nà ìletò kejì lọ ní ọjọ́ tí inú bá bí wa, bí Ó ti mú àwọn ọmọ-ẹ̀yìn Rẹ̀ lọ. Nípasẹ̀ Krístì Olúwa wa. Àmín.

Èmi ni,
Àlùfáà Ìjọ yín.